Níbo Lẹ Ń Gbé E Lọ?

Pẹpẹ tó yẹ kó ṣófo ló kún fọ́fọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Park Royal ní ìwọ̀-oòrùn London, àpótí máíìkì aláìníwáyà tò láti ilẹ̀ dé àjà, kò sì sí ẹni tó wá háyà wọn. Àwọn òǹkọ̀wé fíìmù ní Amẹ́ríkà ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, àwọn òṣèré tẹ̀ lé wọn ní oṣù Keje. Àwọn òǹkọ̀wé ti parí ìjà tiwọn, àwọn òṣèré kò tíì gbà, iṣẹ́ fíìmù ńláńlá tí owó Amẹ́ríkà ń gbé ró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dúró gbagidi. Ọkùnrin ará Ìbàdàn tó ń bójú tó ẹ̀ka máíìkì níbẹ̀ kò lè jókòó kó máa wo ògiri. Ó mú àkísà, ó bu omi, ó ní òun yóò nu ẹ̀yìn pẹpẹ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ibẹ̀ ló ti bá àpótí dúdú kékeré kan pàdé, tépù funfun lórí rẹ̀. Nọ́mbà kan péré ni wọ́n kọ sára tépù náà: 69.

Ó fi àkísà sílẹ̀, ó jókòó.

Lójú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí, 69 kì í ṣe nǹkan kan. Lójú oníṣẹ́ ohùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ni. Tẹ́lẹ̀ rí, láàárín 854 àti 862 MHz, ibi tí wọ́n ń pè ní ojú ọ̀nà 69 nínú ti tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ kan ṣoṣo lè tan máíìkì rẹ̀ láti Cornwall títí dé òkè Scotland láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Ṣọ́ọ̀ṣì ń lò ó, tíátà ń lò ó, àwọn tó ń ya fíìmù ń lò ó. Nígbà tó di 2012, ìjọba ní kí gbogbo wọn kó lọ sí ojú ọ̀nà 38, torí pé àwọn fẹ́ ta ibẹ̀ fún àwọn onífóònù. Wọ́n san apá kan nínú owó ẹ̀rọ fún àwọn tó ní in, wọ́n sì kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ náà lọ kí ẹnikẹ́ni má baà tún tàn wọ́n mọ́. Báwo wá ni èyí ṣe ṣẹ́kù sẹ́yìn pẹpẹ? Bóyá ó wà lọ́wọ́ oníbàárà lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó o. Bóyá ẹnì kan ló fi pa mọ́. Ọkùnrin náà kò sẹ́ pé ó lè jẹ́ òun.

Kò tan tíráńsímítà inú rẹ̀, òfin kò gbà á. Rìsífà nìkan ló fi iná sí, ó ṣáà mọ̀ pé etí tó ń gbọ́ kì í dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Iná kékeré tó ń fi bí agbára tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó hàn ń fò sókè, ó ń já wálẹ̀. Nínú hẹ́dífóònù, nǹkan ń ta pàpàpà bí gúgúrú nínú ìkòkò. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Bó bá ti tẹ fóònù, gúgúrú á ta. Bó bá dáwọ́ dúró, á rọlẹ̀. Apá afẹ́fẹ́ yìí gan-an ni fóònù 4G máa ń gbà dá òpó rẹ̀ lóhùn. Ọdún mélòó kan ṣáájú, ohùn ọba àti olorì, ohùn olè àti ọlọ́pàá inú fíìmù ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ó dé ẹnu iṣẹ́ yìí ní 1998. Kò mọ nǹkan kan nípa rédíò ju ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń fi yangàn fún àlejò lọ: pé Ìbàdàn ló ṣíwájú Nàìjíríà nínú tẹlifíṣọ̀n, WNTV, ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959. Ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àgbàlagbà kan tó máa ń gbàgbé tíì rẹ̀ títí yóò fi tutù, kò fi ẹ̀rọ kankan hàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kó jókòó ti fóònù, kó máa gbọ́. Oníbàárà á pè, á ní òun ń fẹ́ máíìkì mẹ́jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá kò ní dá iye lé e, kò ní sọ bóyá ó wà tàbí kò sí. Ìbéèrè kan ló máa ń ṣáájú lẹ́nu rẹ̀:

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

Máíìkì aláìníwáyà, ayálégbé ni láti ọjọ́ tó ti dáyé. Tẹlifíṣọ̀n ló ni ilé. Láyé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ilé iṣẹ́ méjì tí kò jìnnà síra kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà kan náà, torí náà yàrá òfìfo máa ń pọ̀ láàárín wọn ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Inú àwọn yàrá òfìfo yẹn ni máíìkì ń sùn. Ṣùgbọ́n yàrá tó ṣófo ní London kọ́ ló ṣófo ní Paris. Ẹni tó bá kàn gbé ẹ̀rọ London wọ ìlú onílùú, ó lè ṣílẹ̀kùn kó bá onílé lórí ibùsùn.

Ọ̀gá ní ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù, nítorí pé nǹkan ń yí padà. Japan: 806 sí 810, ẹ má dán òmíràn wò. Jámánì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀: bí ẹ kò bá rí ìwé àṣẹ gbà, ẹ sá sí 863 sí 865, àmọ́ ẹ má retí pé ẹ ó lè tan ju bíi mẹ́rin lọ. Amẹ́ríkà gba ojú-ewé mẹ́fà, ìlà pupa sì kún inú rẹ̀. Ní Los Angeles àti New York, ọlọ́pàá àti panápaná ló ń lo àwọn kan lára ojú ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n. Láàárín 608 àti 614, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn: ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń tẹ́tí sí ojú ọ̀run, láti ọdún 2000 sì ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn aláìsàn nílé ìwòsàn ti ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí ohun tó ń bọ̀. Ojú ọ̀nà 38 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ di ilé tuntun fún gbogbo oníṣẹ́ ohùn, 606 sí 614 ni. Ilé ní London, èèwọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní etí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá máa ń kọ nọ́mbà fóònù ẹnì kan sí i: ẹnì kan ní Prague, ẹnì kan ní Cape Town, ẹni tí wọ́n lè pè láti béèrè pé, "Kí ló wà lójú afẹ́fẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí?" Ojú-ewé Nàìjíríà ṣófo. Ọmọ Ìbàdàn yìí ló kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kàn án. Àbúrò rẹ̀ ní Sùúrùlérè ló bá a yí tẹlifíṣọ̀n kiri lọ́jọ́ Sátidé kan, tí òun náà sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní London, owó káàdì ìpè ń lọ: Channels, 39. MITV, 43.

Bó ti wù kí onílé le tó, àwọn ayálégbé ló máa ń fa wàhálà jù. Tíráńsímítà méjì tó bá sún mọ́ra máa ń bímọ. Ọ̀gá ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un lẹ́yìn rìsíìtì kan. Fi ọ̀kan sí 856.0, fi èkejì sí 856.5. Ìlọ́po méjì 856.0, yọ 856.5 kúrò nínú rẹ̀, ó ku 855.5. Ìlọ́po méjì 856.5, yọ 856.0 kúrò, ó ku 857.0. Ọmọ méjì tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ níṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ti gba àyè méjì. Bí òṣèré kẹta bá lọ jókòó sí 857.0, ohùn rẹ̀ á máa ya bí aṣọ. Máíìkì mẹ́ta ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án. Máíìkì méjìlá ń bí 792. Iṣẹ́ ẹni tó ń tò wọ́n ni kó wá ibi tí òbí méjìlá lè jókòó sí, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà jókòó lé e lórí.

Òru méjì ni ọmọ Ìbàdàn náà fi ṣe ti àkọ́kọ́, pẹ́ńsù lọ́wọ́, ìrẹ́sì ń jóná lórí sítóòfù. Mọ́kànlá jókòó. Ìkejìlá kò ríbi jókòó, ibi tó bá gbé e sí, ọmọ kan ti wà níbẹ̀. Nígbà tó gbé ìwé náà lọ fún ọ̀gá láàárọ̀, ọ̀gá wò ó bí ìṣẹ́jú kan, ó ní: "Mú ìkejìlá kúrò ládùúgbò." Ìyẹn ni pé kó lo ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún apá afẹ́fẹ́ mìíràn. Àwọn ẹ̀rọ Lectrosonics tó ń wá láti New Mexico tilẹ̀ mú èyí rọrùn: wọ́n pín afẹ́fẹ́ sí bulọ́ọ̀kù bulọ́ọ̀kù, bí a bá sì fi 25.6 sọ nọ́mbà bulọ́ọ̀kù di púpọ̀, a ó rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bulọ́ọ̀kù 21 bẹ̀rẹ̀ ní 537.6. Títí dòní, bí oorun kò bá wá, ohun tó máa ń kà nìyẹn dípò àgùntàn.

Ẹ̀tàn rédíò nínú aṣọ kì í ṣe tuntun nígbà yẹn. Òṣèré Rex Harrison kọ̀ láti máa la ẹnu sórí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ nínú My Fair Lady, fíìmù 1964, ni wọ́n fi pa máíìkì aláìníwáyà mọ́ ọn lára kó lè kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Olùdarí fíìmù Robert Altman fi máíìkì sára ọ̀pọ̀ òṣèré lẹ́ẹ̀kan náà nínú Nashville ní 1975, kí gbogbo wọn lè máa sọ̀rọ̀ lórí ara wọn bí ènìyàn gidi ṣe ń ṣe. Ohun tó yí padà láàárín ìgbà yẹn sí ìparí àwọn ọdún 1990 ni iye. Máíìkì kan tàbí méjì di mẹ́jọ, mẹ́jọ di méjìlá, ìrìn àjò sì di lemọ́lemọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayé ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn dùn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ àfojúdíwọ̀n. Ìwé àṣẹ ilẹ̀ òkèèrè lè gba oṣù méjì, fíìmù sì máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn kan máa ń lọ láìgbà á, wọ́n á ní kí oníṣẹ́ ohùn ṣáà rọra. Ọkùnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń lo nǹkan bí 174 MHz tún wà níta. Níbi eré kan tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọba ṣe ń kú lọ, tí gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn awakọ̀ takisí kan wọlé, ó ń béèrè pé ilé nọ́mbà mélòó. Ọba náà ṣí ojú kan.

Ní 2004, wọ́n rán an tẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ sí Ouarzazate ní Morocco, ìlú aṣálẹ̀ tí wọ́n ti ya apá kan Gladiator. Ibẹ̀ ló ti rí ojú afẹ́fẹ́ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀. Ó yí rìsífà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí i padà. Ó kọ́kọ́ rò pé eriali ti já ni.

Ọ̀tá ibẹ̀ kì í ṣe rédíò. Òógùn ni. Àwọn tó wọ aṣọ ogun lábẹ́ oòrùn yẹn ń làágùn bí ẹni tí wọ́n da omi lé, òógùn á wọ inú tíráńsímítà, ohùn á sì kú. Àrékérekè tí gbogbo oníṣẹ́ ohùn mọ̀ ni pé kí wọ́n fi kọ́ńdọ̀mù bo ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó so ó mọ́ òṣèré, èyí tí kò ní òróró, torí òróró á tún ba nǹkan jẹ́. Ọmọ Ìbàdàn náà wọ ilé oògùn kan nínú ìlú, ó nàka sí i, ó ní òun ń fẹ́ 144. Obìnrin tó ń tajà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì pe àbúrò rẹ̀ jáde wá wò ó. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé owó fíìmù náà pè é láti ọ́fíìsì, ó fara balẹ̀ bi í pé ṣé ìlà kẹtàdínlógún inú ìnáwó rẹ̀ kì í ṣe àṣìkọ.

Ṣùgbọ́n papákọ̀ òfúrufú ni ẹ̀rù ti bà á. Ẹ̀rọ tó bá ń rìnrìn àjò báyìí máa ń ní ìwé ẹlẹ́yìn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní carnet. Gbogbo ẹ̀rọ, pẹ̀lú nọ́mbà ara rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n á lù ú ní òǹtẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé, wọ́n á tún lù ú nígbà tó bá ń jáde, kí àwọn aṣọ́bodè lè mọ̀ pé kò sí èyí tí wọ́n tà. Ìwé ní tíráńsímítà 24. Aṣọ́bodè kà á, 23. Ó tún kà á. Bàálù yóò gbéra láàárín wákàtí méjì. Ọkùnrin náà tú báàgì, ó tú bàtà, ó tú àpótí bátìrì. Ìgbà tó pe àwọn tó ń tọ́jú aṣọ eré ló tó mọ̀: ìkẹrìnlélógún wà nínú ìgbànú ẹlẹ́ṣin kan, ìgbànú náà sì wà nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ láti òwúrọ̀. Alùpùpù ló gbé e wá. Ó mọ́ tónítóní, ó ń rùn bí ọṣẹ, kò sì tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Aṣọ́bodè ka nọ́mbà ẹ̀yìn rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kò kàn án.

Kì í ṣe òkèèrè nìkan ni òkèèrè. Ní 2006, wọ́n ń ya fíìmù Yorùbá kan nínú pálọ̀ ẹnì kan ní Peckham, ní London, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin àgbà kan sì ti ilé wá fún un. Àwọn tó ń ṣe fíìmù náà kò lówó, ọmọ Ìbàdàn náà bá wọn gbé máíìkì mẹ́rin wá ní òpin ọ̀sẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá náà.

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ so mọ́ mi láyà yẹn?"

"Máíìkì ni, mà. Ọmọbìnrin yìí ló máa bá yín fi sí i."

Léèsì ló wọ̀, ó ti gba sítáàṣì, ó le. Bó bá ti mí, ó ń ró ṣáṣáṣá nínú hẹ́dífóònù bí ẹni tó ń tẹ ewé gbígbẹ. Wọ́n gbìyànjú etí ọrùn, wọ́n gbìyànjú abẹ́ bùbá. Ọmọ Ìbàdàn náà kò tíì rí ìwé kankan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń fi máíìkì sára ẹni tó wọ ìró, bùbá, ìborùn àti gèlè. Òun ló wá rántí pé orí kì í mí. Wọ́n fi máíìkì náà sí etí gèlè aṣọ òkè rẹ̀ níwájú, wọ́n sin wáyà rẹ̀ gba ìpàkọ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n so tíráńsímítà mọ́ ọn lẹ́yìn lábẹ́ ìborùn. Màmá wo dígí. Ó ní, "Ẹ ti sọ orí mi di ilé rédíò."

Ohùn náà mọ́ gaara, títí ó fi jókòó sórí àga tó sì fẹ̀yìn tì. Ló bá já. Omi ló pọ̀ nínú ara ènìyàn, omi sì ń mu rédíò, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn tẹ eriali mọ́ àga ti pa á nìyẹn. Wọ́n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí màmá bá fẹ́ rìn, ó máa ń kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀ rédíò?"

Àṣìṣe tó dùn ún jù lọ, tirẹ̀ ni, kò sí ẹni tó bá a pín in. Ó jẹ́ ní 2013. Àwọn kan ń lọ ya fíìmù ní Los Angeles, ó sì to ẹ̀rọ wọn dáadáa sí bulọ́ọ̀kù 21, ó yẹra fún ohun gbogbo tó yẹ kó yẹra fún. Tíráńsímítà méjì kò bá bàálù dé. Oníṣẹ́ ohùn wọn gbé ìwé tó kọ lé e lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìháyà kan níbẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó bá a mu. Ní aago méjì òru, fóònù dún ní London.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ wọ̀nyí kò gbọ́ ara wọn o."

Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí nínú òkùnkùn kí ìyàwó rẹ̀ má baà jí. Wọ́n ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún un, ó sì rí i kíá. "Ojú ọ̀nà 31" ló kọ síbẹ̀, kò kọ nọ́mbà MHz. Ojú ọ̀nà tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀ ní 8 MHz, ti Amẹ́ríkà fẹ̀ ní 6. Ojú ọ̀nà 31 ní London, 550 sí 558 ni. Ojú ọ̀nà 31 ní Los Angeles, 572 sí 578. Ará Amẹ́ríkà náà kò ṣe ohun tó burú, ohun tí wọ́n kọ fún un ló gbé fún wọn. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, owó rẹ̀ sì jáde láti àpò ọmọ Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, kì í kọ nọ́mbà ojú ọ̀nà sórí ohunkóhun mọ́. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá kọ ọ́, ó máa ń fa ìwé náà ya.

Ní àkókò kan náà ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta afẹ́fẹ́ 4G, títí kan ibi tí ojú ọ̀nà 69 wà, gbogbo rẹ̀ sì mú bílíọ̀nù 2.34 pọ́n-ùn wọlé. Ní Amẹ́ríkà, gbàǹjo tó parí ní 2017 mú bílíọ̀nù 19.8 dọ́là wá, T-Mobile nìkan san nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ nínú rẹ̀. Nígbà tí onílé bá rí irú owó bẹ́ẹ̀, ta ló máa bi ayálégbé léèrè? Ìjọba tún ní kí àwọn oníṣẹ́ ohùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde kúrò ní 694 sí 790 ní oṣù Karùn-ún 2020. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rù ọjọ́ náà, pé fíìmù á dúró, pé tíátà á pariwo. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, kò sí tíátà kankan tó ṣí, kò sí fíìmù tó ń lọ. Kòrónà ti lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ọkùnrin náà nìkan ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó to àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ kó lọ sórí ilẹ̀, ó ya fọ́tò nọ́mbà ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìbòjú ní imú rẹ̀.

Lóòótọ́, wọ́n fún wọn ní àyè mìíràn. Láti 2016, Ofcom, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ rédíò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà kí wọ́n bá ẹ̀rọ tí bàálù fi ń wá ọ̀nà pín 960 sí 1164 MHz lò. Ẹ̀rọ tó lè dé ibẹ̀ ni kò pọ̀.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò mọ ìṣirò ìlọ́po méjì yẹn, kò sì nílò rẹ̀. Ó máa ń so ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò mọ́ kọ̀ǹpútà, á ṣí Wireless Workbench tí Shure ṣe, á tẹ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ, á béèrè fún fíríkúẹ́ǹsì 24. Kí ó tó mu omi kan, ó ti jáde. Ọmọ Ìbàdàn náà rántí òru méjì rẹ̀ àti ìrẹ́sì tó jóná. Kò bínú. Ó dán èsì náà wò pẹ̀lú pẹ́ńsù nígbà kan, ó ń wá àṣìṣe, kò rí. Ohun tó dùn mọ́ ọn ni pé kọ̀ǹpútà náà, kó tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Àwọn máíìkì kan wà tí kì í béèrè rárá. Wireless GO tí Rode gbé jáde ní 2019, àti ti DJI tó tẹ̀ lé e, 2.4 GHz ni wọ́n ń lò, òfin ibẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà káàkiri ayé. Àbúrò rẹ̀ ní Sùúrùlérè ní ọ̀kan, ó fi ń ya fídíò àwọn aláṣọ àti aláásè, kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ohùn rẹ̀ sì dára ju ohun tí ṣọ́ọ̀bù Park Royal ń háyà síta ní 1998 lọ fíìfíì. Ìṣòro rẹ̀ ni òwàm̀bẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn ẹgbẹ̀ta ti ń tan fóònù àti Wi-Fi, 2.4 GHz di ọjà Ọjà-Ọba lálẹ́ ọdún. Àbúrò á pe London: "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ń já." Ẹ̀gbọ́n á ní kó sún mọ́ ọkọ ìyàwó. Kò sí ìṣirò kankan tó lè gbà á nínú ìyẹn.

Àwọn òṣèré Amẹ́ríkà parí ìdaṣẹ́sílẹ̀ wọn ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá 2023. Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìpàdé àgbáyé lórí rédíò ní Dubai parí. Ní apá ti Yúróòpù àti Áfíríkà, tẹlifíṣọ̀n ṣì ni onílé láàárín 470 àti 694, àwọn onífóònù rí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan gbà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, wọ́n sì máa tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ní 2031. Ọkùnrin náà ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí 2031, ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ bátìrì kúrò nínú rìsífà 69, ó dá a padà sínú àpótí, kò sì dá àpótí náà padà sẹ́yìn pẹpẹ. Ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀, ó ń gbé kọ́ọ̀pù tíì lé e.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, fóònù dún. Ohùn ọmọdé kan ni, olùṣètò fíìmù, ó ń yára sọ̀rọ̀. Ó ń fẹ́ máíìkì mẹ́rìndínlógún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ń fẹ́ mọ iye rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Èkó ni."

Ó ní kó dúró ná. Ó fa ìwé ẹlẹ́yìn líle náà yọ, ó ṣí i sí ojú-ewé Nàìjíríà. Channels, 39. MITV, 43. Pẹ́ńsù náà ti ń parẹ́. Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bọ́ sí dígítà láti Jos ní 2016, ọkùnrin náà kò sì fẹ́ fi ojú-ewé tó ti lé ní ogún ọdún to iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó ti gbé fóònù oníbàárà sílẹ̀, ó pe Sùúrùlérè. Ó ní kí àbúrò rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ayẹ-afẹ́fẹ́ kékeré tí òun fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì jáde sí bàrándà, kó tàn án láti 470, kó ya fọ́tò ohun tó bá rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́ yín. NEPA ti mú iná."

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ló gba gbogbo fóònù náà. Ẹ̀gbọ́n fa pẹ́ńsù yọ, ó kọ "jẹnẹrétọ̀" sílẹ̀ lábẹ́ MITV, kó tó máa pariwo nọ́mbà àkọ́kọ́, 470, fún un.